Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Òjò Àtijọ́

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbẹ́ kànga sí àgbàlá ilé tí a háyà ní Ajégúnlẹ̀ l'Ékòó, lẹ́yìn ibùdókọ̀ Boundary, n kò lọ síbì kankan. Mo jókòó ti òkìtì iyẹ̀pẹ̀, mo ń wo ohun tí bàbá agbẹ́kànga ń fi korobá rán sókè. Ìdọ̀tí ló kọ́kọ́ jáde: ọ̀rá, ìdérí ìgò, bàtà ẹsẹ̀ kan, lẹ́búlẹ́bú pákó láti ìsọ̀ àwọn onípákó. Yanrìn tẹ̀lé e, irú èyí tí àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó rà ní tìpà-tìpà láti fi dí irà kí wọ́n tó lè kọ́lé. Lábẹ́ yanrìn la ti bá ẹrẹ̀ dúdú kan pàdé. Ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ìkarawun wẹ́wẹ́ sì kún inú rẹ̀. Bàbá dáwọ́ dúró, ó gbójú sókè láti inú ihò, ó ní, "Ọmọ mi, inú omi la wà yìí o. Ẹja ló ń gbé ibi tí ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò létí mi. Bàbá kò lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n irú ohun tó ṣe nínú ihò yẹn ni àwọn onímọ̀ kan ń fi ayé wọn ṣe. Wọ́n ń hú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún jáde, wọ́n ń kà á láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì ń sọ irú òjò tó rọ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní àdúgbò wa, ìrántí la fi ń ka òjò. Ọdún tí omi gbé àga Màmá Alágbo lọ, ọdún tí a fi búlọ́ọ̀kù gbé bẹ́ẹ̀dì sókè, ọdún tí afárá pákó ẹ̀bá kánáàlì wó. Ta ló wà ní Èkó ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011 tí yóò gbàgbé? Òjò tó lé ní 200 mílímítà rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn. Ṣùgbọ́n ìrántí kì í kọjá bàbá-bàbá ẹni, ìwé tí ìjọba sì ń kọ òjò Èkó sí kò tíì pé igba ọdún. Ayé ń móoru báyìí, gbogbo ènìyàn sì ń béèrè ohun tí òjò yóò ṣe. Ìwọ̀nba ọdún tí ìrántí wa mọ̀ kò lè dáhùn ìbéèrè náà, nítorí ayé kò tíì gbóná nínú wọn tó bí yóò ti gbóná. Ẹni tó fẹ́ ìdáhùn ní láti padà sí ìgbà tí ayé ti móoru rí. Ẹrẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀ tó ń ṣe akọ̀wé.

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí. Bí a bá sẹ́ ògì sínú ìkòkò tí a fi í sílẹ̀ di àárọ̀, omidùn á tòrò lókè, ògì á dì sísàlẹ̀. Bí a bá rọra sẹ́ òmíràn lé e lọ́jọ́ kejì láìpò ó, ìpele méjì la ó bá níbẹ̀ bí a bá fi ọ̀bẹ gé e, bóyá ti àgbàdo funfun nísàlẹ̀, ti àgbàdo pupa lókè. Bẹ́ẹ̀ ni adágún ń ṣe lọ́dọọdún. Òjò á wọ́ iyẹ̀pẹ̀ etí omi wọlé, ewé á já, eérú igbó tó jó á bà lé e, ìyẹ̀fun òdòdó tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri á bọ́ sí i, gbogbo rẹ̀ á sì rì. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọdún yìí á bo ti èṣí mọ́lẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹnikẹ́ni má po òun.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti yí pa dà fún àdúgbò wa lẹ́bàá Àpápá nìyẹn. Kì í ṣe pé ẹrẹ̀ wọ́n wa. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1908 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sí ẹnu ọ̀sà Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè ríbi wọlé. Wọ́ọ̀fù Àpápá tẹ̀lé e ní àwọn ọdún 1920, èbúté Tin Can Island sì ṣí ní 1977. Gbogbo ìgbà yìí ni ọkọ̀ agbẹ́yanrìn ń ro ìsàlẹ̀ omi bí ẹni ro ọkà. Omi òkun ń wọlé, ó ń jáde lójoojúmọ́, alákàn ń gbẹ́ ihò tirẹ̀, àwa tí a wà lórí ilẹ̀ sì ń da pàǹtí àti yanrìn lé irà. Ìwé ni ẹrẹ̀ wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ya á, wọ́n ti fi di ẹ̀pà.

Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò fi di ẹ̀pà wà ní Gánà, ní nǹkan bí 30 kìlómítà sí Kumasi. Bosumtwi ni wọ́n ń pè é. Ní ohun tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn, òkúta ńlá kan já láti ojú ọ̀run, ó gbẹ́ ihò tó fẹ̀ ju 10 kìlómítà lọ, òjò sì kún inú rẹ̀. Adágún náà fẹ̀ tó kìlómítà 8, jíjìn rẹ̀ lé ní 70 mítà. Àwọn Àṣáńtì kò fi omi yìí ṣeré. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ibẹ̀ ni ẹ̀mí òkú ti ń dágbére fún òrìṣà tó ń jẹ́ Twi, irin kò sì gbọdọ̀ kan omi náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, pákó pẹlẹbẹ kan báyìí ni àwọn apẹja ń jókòó lé, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń wà á. Nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ ariwo ẹ̀rọ àwọn agbẹ́yanrìn lójú ọ̀sà Èkó, mo máa ń rò ó pé èèwọ̀ yẹn ti ṣe sáyẹ́ǹsì lóore ju bí àwọn tó ń pa á mọ́ ti rò lọ.

Odò kankan kì í ṣàn jáde nínú Bosumtwi. Òjò ló ń bù sí i, oòrùn ló ń bù kúrò níbẹ̀, bí ìkòkò omi tí a gbé síta. Bí òjò bá pọ̀, á kún. Bí ọ̀dá bá dá, á fà. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kò sì dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ rárá, nítorí náà kò sí ekòló tàbí kòkòrò tó lè gbé ibẹ̀ tí yóò máa po ẹrẹ̀. Ìpele rẹ̀ ṣe tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ewé ìwé, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun díẹ̀.

Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ gbé ẹ̀rọ alulẹ̀ lé ojú adágún náà. Irin wọ omi lọ́dún yẹn, èèwọ̀ tàbí kò sí èèwọ̀. Wọ́n lu ẹrẹ̀ tó nípọn tó nǹkan bí 290 mítà kí wọ́n tó kan òkúta tí ìjábọ́ àtijọ́ náà fọ́ túútúú. Iṣẹ́ olówó ńlá nìyẹn. Èyí tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe kò ju pé kí wọ́n de ọkọ̀ ojú omi méjì pọ̀, kí wọ́n tẹ́ pákó sáàárín, kí wọ́n sì ti páìpù gígùn kan bọ ẹrẹ̀ lójú. Wọ́n á dí òkè páìpù kí ohun inú rẹ̀ má bàa yọ̀ jáde bí wọ́n bá ń fà á, bí ọmọdé ṣe ń fi àtàǹpàkò dí ẹnu sitiróò tí ọtí ẹlẹ́rìndòdò inú rẹ̀ kì í dà. Ẹrẹ̀ òkè pátápátá rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu, kò ṣeé fi páìpù gbá mú. Irin tí wọ́n kó yìnyín gbígbẹ àti ọtí sí nínú ni wọ́n máa ń tì bọ̀ ọ́, ẹrẹ̀ á sì dì mọ́ ọn lára kí wọ́n tó fà á sókè. Bí wọ́n bá dé ilẹ̀, wọ́n á la páìpù náà sí méjì ní òòró. Apá kan ń lọ sí yàrá tútù, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Òun ni ẹ̀rí fún ọjọ́ tí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀. Apá kejì ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń fi ásíìdì wẹ̀.

Ẹrẹ̀ tí a kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ẹrẹ̀ lásán ni. Níbi tí ìpele kan bá ti dúró fún ọdún kan, kíkà ló kù. Níbi tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ewé tàbí igi wẹ́wẹ́ tó sin sínú rẹ̀ ni wọ́n á wá kàn. Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ló ń jẹ irú kábọ́ọ̀nù kan tí ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń pè é ní kábọ́ọ̀nù 14. Ní ọjọ́ tí ewé bá já, kò ní jẹ ẹ́ mọ́, èyí tó wà lára rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín: lẹ́yìn 5,730 ọdún, ìdajì ló kù, lẹ́yìn òmíràn bẹ́ẹ̀, ìdajì ìdajì. Ẹni tó kó 800 náírà pamọ́ tó wá bá 100, tó sì mọ bí owó náà ṣe ń dín, kò ní ṣòro fún un láti mọ ìgbà tó ti kó o síbẹ̀. Willard Libby ará Amẹ́ríkà ló gbé ọgbọ́n yìí jáde ní 1949. Kò ṣiṣẹ́ kọjá nǹkan bí 50,000 ọdún, nítorí ohun tó bá kù nígbà náà kò tó kà.

Fún ẹrẹ̀ ti òde òní, bọ́ǹbù ni aago. Eérú àwọn bọ́ǹbù átọ́míìkì tí àwọn alágbára ayé ń dán wò bà sínú adágún káàkiri ayé, ó sì pọ̀ jù lọ ní nǹkan bí 1963. Lára wọn ni èyí tí Faransé yìn ní Sàhárà ní 1960, tí inú fi bí ìjọba Nàìjíríà débi tó lé aṣojú Faransé kúrò nílùú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1961. Ìjà òṣèlú yẹn ti parí, eérú rẹ̀ ń bẹ nínú ẹrẹ̀.

Báwo wá ni ẹrẹ̀ ṣe ń sọ pé òjò pọ̀ tàbí kò pọ̀? Ìyẹ̀fun òdòdó ló ti pẹ́ jù nínú ẹ̀rí wọ̀nyí. Ojú lásán kò lè rí i, ṣùgbọ́n awọ ara rẹ̀ le débi pé ásíìdì tí ń jẹ yanrìn kò rí i jẹ. Nítorí náà wọ́n á da ásíìdì sí ẹrẹ̀, yanrìn á lọ, ìyẹ̀fun á ṣẹ́ kù, wọ́n á sì gbé e sábẹ́ maikirosíkópù. Níbẹ̀ ni olúkúlùkù igi ti ń fi ilà ojú rẹ̀ hàn, bí a ṣe ń mọ alábàjà yàtọ̀ sí onípélé. Ti koríko rí roboto, ó ní ojú ihò kan ṣoṣo. Ti ọ̀pẹ ní igun mẹ́ta. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa kà wọ́n ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ìpele lẹ́yìn ìpele. Bí ti àwọn igi igbó ńlá bá pọ̀, òjò ti dára. Bí ti koríko bá gba ibẹ̀ kan, ọ̀dàn ti dé.

Ẹ̀rí tí èmi fẹ́ràn jù ni ti ìda ara ewé. Gbogbo wa la ti rí i bí omi ṣe ń yí gbirigbiri kúrò lára ewé kókò láìrin ín. Ìda tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo ewé ló ń ṣe é, ewé mìíràn náà sì ní tiwọn. Omi òjò ni igi fi ń ṣe ìda yìí. Nínú omi òjò, háídírójìn kan wà tó wúwo ju èkejì rẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ olóoru tiwa, bí òjò bá ti ń pọ̀ sí i ni èyí tó wúwo ń dín kù nínú rẹ̀. Ewé á mu ún, á fi ṣe ìda, á já bọ́ sómi. Ewé á rà, ìda kò ní rà. Lẹ́yìn 10,000 ọdún, ènìyàn lè yọ ìda yẹn nínú ẹrẹ̀, kó wọn háídírójìn rẹ̀, kó sì mọ irú òjò tí igi náà mu.

Wọ́n tún ń fi ẹ̀rọ X-ray wo iye títáníọ́mù tó wà nínú ẹrẹ̀, nítorí láti inú iyẹ̀pẹ̀ òkè ni agbára òjò ti ń gbé e wá. Ṣùgbọ́n a kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Bí iná bá jó igbó tàbí tí àgbẹ̀ ṣán an, òjò kékeré lásán lè wọ́ iyẹ̀pẹ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé títáníọ́mù nìkan á pe ọ̀dá ní òjò.

Ní ọdún 2015, Timothy Shanahan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìtàn òjò 20,000 ọdún jáde láti inú ìda ewé Bosumtwi. Ìgbà tí ìtàn náà bẹ̀rẹ̀, yìnyín ṣì bo apá àríwá ayé. Nígbà tí ayé móoru, tí yìnyín ń yọ́, tí oòrùn ìgbà ẹ̀rùn àwọn ará àríwá sì mú ju ti ìsinsìnyí lọ, òjò ya wọ Áfíríkà. Láti nǹkan bí 14,800 ọdún sẹ́yìn títí di nǹkan bí 5,500, koríko àti adágún ló wà níbi tí Sàhárà wà lónìí. Adágún Chad fẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ Nàìjíríà òde òní lọ. Ní 1987, darandaran kan ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ibi tó di ìpínlẹ̀ Yòbè báyìí, ló bá kan igi líle ní nǹkan bíi mítà 5 sísàlẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni, ó gùn ju mítà 8 lọ, ó sì ti tó 8,000 ọdún. Mo rò pé bàbá agbẹ́kànga tiwa ì bá rẹ́rìn-ín.

Ọ̀nà tí òjò yẹn gbà lọ ló yà mí lẹ́nu. Ní ojú kan, ó lè yá kíákíá, kí adágún kan gbẹ láàárín ìwọ̀nba ìran díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá to àwọn adágún Áfíríkà pọ̀, àríwá ló kọ́kọ́ fi sílẹ̀, ó sì ń pẹ́ sí i bó ṣe ń bọ̀ ní gúúsù. Ohun mìíràn tún wà nínú ẹrẹ̀ náà: nígbà tí òkun Àtìláńtíìkì ti àríwá bá tutù lójijì, òjò tiwa náà á fà sẹ́yìn. Omi tó jìnnà sí wa tó bẹ́ẹ̀ ló ń dí òjò wa lọ́wọ́.

Ní 2009, Shanahan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lo ìpele ọdọọdún Bosumtwi láti ka ohun tó sún mọ́ 3,000 ọdún. Wọ́n bá ọ̀dá kan láàárín nǹkan bí 1400 sí 1750, tó mú kí ọ̀dá Sàhẹ́lì ti àwọn ọdún 1970 dà bí eré. Títí dòní, òkú igi dúró nínú adágún náà, orí wọn yọ lójú omi. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n hù sí nígbà tí omi fà, kí òjò tó padà wá rì wọ́n. Inú ọ̀dá yìí ni àwọn Pọtogí wọ ọ̀sà wa ní ọ̀rúndún 15.

Gánà jìnnà, ẹ lè wí. Ẹ jẹ́ ká sún mọ́lé. Ẹni tó bá gba títì Èkó sí Accra á rí i pé igbó ń dín lẹ́yìn Àgbádárìgì, ọ̀dàn sì ń sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkun. Òjò Èkó ń lé ní 1,500 mílímítà lọ́dún; ti Accra jẹ́ nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Àlàfo Dàhòmì ni àwọn onímọ̀ ń pe ibẹ̀, ó gé igbó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sí méjì. Omi tútù tó ń ti ìsàlẹ̀ òkun yọ sókè ní etíkun ibẹ̀ láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án wà lára ohun tó fà á, ó sì wà lára ohun tó ń fún àwa náà ní ìsinmi òjò oṣù kẹjọ.

Àlàfo yìí kò fìgbà gbogbo wà. Ulrich Salzmann àti Philipp Hoelzmann hú ẹrẹ̀ adágún Sélé ní gúúsù orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, wọ́n sì kọ ní 2005 pé igbó òjò ló wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 8,400 ọdún sẹ́yìn, títí tó fi já ní nǹkan bí 4,500. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Sówùnmí ti Yunifásítì Ìbàdàn, tó ṣáájú nínú ìmọ̀ ìyẹ̀fun òdòdó ní Nàìjíríà, ka ẹrẹ̀ Ahanve lẹ́bàá Àgbádárìgì. Ìyẹ̀fun igi ẹ̀gbà, igi etí omi iyọ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń yọ sókè bí ẹsẹ̀ alákàn, pọ̀ níbẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ó sì pòórá ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Etí aṣọ òjò ni Èkó wà. Aṣọ náà ti ṣí kúrò lára àwọn aládùúgbò wa rí, ìdí nìyẹn tí n kì í fi gbà fún ẹni tó bá ní ìmóoru á kàn sọ gbogbo wa di olómi púpọ̀.

Ìmóoru tó jọ tiwa jù pẹ́ ju adágún wọ̀nyí lọ. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 56 ọdún sẹ́yìn, kábọ́ọ̀nù tú sínú afẹ́fẹ́, ayé sì fi bíi dígírì 5 móoru sí i. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní Ṣágámù, tí kò ju ìrìn wákàtí kan lọ sí Èkó bí kò bá sí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Òkun bo ibẹ̀ nígbà náà. Nínú òkúta ibi tí wọ́n ti ń wa ẹfun sìmẹ́ǹtì ni Joost Frieling àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìlọrin wà lára wọn, ti kà á ní 2017 pé ojú òkun wa gbóná kọjá dígírì 36, àwọn ohun ẹlẹ́mìí wẹ́wẹ́ tí ń léfòó níbẹ̀ kò sì lè fara dà á. Ní Sípéènì lásìkò kan náà, òkúta wẹ́wẹ́ àti yangí tàn ká ilẹ̀ pẹrẹsẹ lójijì, ohun tó ń fi hàn pé òjò kò rọra rọ̀ mọ́. Ó ń dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun tí ẹrẹ̀ adágún kò sì lè sọ dáadáa nìyẹn. Ó mọ ọdún, kò mọ ọ̀sán. Ó lè sọ pé òjò pọ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n kì í sábà dá òjò ìrọ̀lẹ́ kan mọ̀, irú èyí tí í gbé àga Màmá Alágbo. Bí afẹ́fẹ́ bá fi dígírì kan gbóná sí i, ó lè ru omi tó fi nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Nítorí náà ọdún lè gbẹ kí òjò ọjọ́ kan rẹ̀ sì wó ilé. Àwọn àgbà ní agbára òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní Tolu àti Olódì ní àdúgbò wa, onílé ti ń gbà fún un tipẹ́.

Nígbà tí bàbá gbẹ́ kànga wa tán, òkìtì ẹrẹ̀ dúdú náà ga tó mi ní àyà. Kò sí ẹni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì: wọ́n fi ṣọ́bìrì kó o lọ síwájú ilé láti fi dí kòtò tí omi máa ń dúró sí, ìkarawun àti gbogbo rẹ̀. Ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, òjò ṣú láti ìhà Kírikírì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo rẹ̀ ti ṣàn lọ sínú kánáàlì.